Ohùn Ọmọ Ọba

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbi eré ọmọlangidi yẹn: baálé ilé nìkan ló ń fọhùn. Ìyàwó rẹ̀ lè rán aṣọ, ó lè kun ojú, ó lè ki ọwọ́ bọ inú ọmọlangidi ọmọ ọba kó sì máa mú un jó kiri, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní pípadé. Ohùn ọba, ohùn ọdẹ, ohùn ẹranko inú odò, títí dórí ohùn ọmọ ọba fúnra rẹ̀, ọ̀fun ọkọ ni gbogbo wọn ti ń jáde. Àwọn èèyàn á ní ẹ̀bùn ni kí ọkùnrin lè dún bí ọmọdébìnrin báyẹn. Ẹ̀bùn ni lóòótọ́, ẹ̀bùn burúkú.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó ń lọ aṣọ ọmọlangidi ní yàrá nígbà tó gbọ́ ohùn ọmọbìnrin wọn ní pálọ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti rò ó dáadáa, mi ò wá sílé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mọ́. Tó bá di ọ̀sán, kẹ́ ẹ fún ẹlòmíì láàyè mi."

Ó yọjú. Ọmọ ò sí níbẹ̀, ó ti lọ so kọ́tìnnì ní gbọ̀ngàn eré. Bàbá ọmọ ló gbé fóònù sétí.

"Tó bá lọ, ta ló máa fa kọ́tìnnì fún wa?" Ojú ò tì í rárá. "Màá sọ fún un tá a bá ṣeré tán. Tó o bá kọ́kọ́ là á sí i létí, ojú ẹ á rí màbo."

Kò sì jẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ dá wà pọ̀ títí wọ́n fi ṣí eré. Ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn kọ́tìnnì lọ́hùn-ún, inú rẹ̀ ń dùn, ó ti di ẹrù rẹ̀ sílé. Ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n.

Nínú eré náà, ọba ní ẹni tó bá pa ẹranko inú odò ni yóò fẹ́ ọmọ òun. Ọmọ tọkọtaya náà ti bi wọ́n rí, nígbà tó wà ní kékeré, pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò bi ọmọ ọba bóyá ó fẹ́. Bàbá rẹ̀ ní ọmọlangidi kì í fẹ́ nǹkan. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọdẹ pa ẹranko. Ó ku kí ọmọ ọba tẹrí ba.

"Bàbá mi, mo gbà," ni ọkọ wí lóhùn ọmọdébìnrin.

Ọmọ ọba ò tẹrí ba. Ọkọ fi ìgbúnwọ́ gún ìyàwó rẹ̀.

"Mo ní mo gbà, bàbá mi."

Ọmọ ọba mirí, díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì.

"Ó ní òun ò gbà," ọmọ kan wí níwájú láàárín àwọn òǹwòran.

"Ó ṣáà sọ pé òun gbà."

"Orí ẹ̀ wá ńkọ́?"

Ọkọ di ìyàwó mú lọ́rùn ọwọ́, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Tẹ orí ẹ̀ ba."

Obìnrin náà la ẹnu. Ohùn tó jáde há, kò jọ tọmọ ọba kankan.

"Èmi kọ́ ni mo sọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá mi ló ń fi ohùn mi sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ yìí ló fi ohùn mi pe ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó ní mi ò wá mọ́. Ọ̀sán yìí ni wọ́n máa fún ẹlòmíì láàyè mi."

Kò sí ọmọdé tó bi í níbi tí ọmọ ọba ti rí fóònù. Ọkọ fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àmì tí wọ́n fi ń pa kọ́tìnnì dé nìyẹn. Kọ́tìnnì ò mira. Ó tún kilẹ̀, àwọn ọmọdé rò pé ara eré ni, làwọn náà bá ń fẹsẹ̀ kilẹ̀.

Obìnrin náà yíjú wo ẹ̀gbẹ́. Okùn ń mì lásán. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ọmọ ọba," ọmọ iwájú yẹn tún pè, "ṣé wàá lọ sílé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún?"

Ọkọ ò tíì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin náà gbé ọmọ ọba sókè bẹ́ẹ̀, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn.

"Mo ti lọ."