Ìjọ́ Kẹta Kẹta

"Ta ló ń purọ́ nínú yín?"

Èdè Twi ni Madam Afia fi béèrè. Àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ ṣáà ń sáré lọ nínú ṣọ́ọ̀bù Alhaji Múdàṣírù ní àdúgbò Sawaba, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi ariwo bo ẹnì kan láṣìírí.

Bàṣírù ń wo ìwé méjì tí ọ̀gá rẹ̀ yìí tẹ́ sórí tábìlì. Ọ́fíìsì wọn ló ń wádìí bí àwọn agbanisíṣẹ́ Kumasi ṣe ń dín ọjọ́ iṣẹ́ kù dípò kí wọ́n lé òṣìṣẹ́. Nínú ìwé tí Bàṣírù kọ lẹ́nu Alhaji, ọjọ́ méjì ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wá lọ́sẹ̀. Nígbà tí ọ́fíìsì wá fi fóònù pe àwọn òṣìṣẹ́, mẹ́ta ni gbogbo wọn sọ.

"Bóyá abẹ́ igi lo jókòó sí tí o ti kọ tìrẹ," ni Madam Afia wí. "Bí n kò bá rí ìdí rẹ̀ lónìí, má wá síṣẹ́ mọ́ lọ́la."

Bàṣírù yọjú wo Alhaji. Àbí bàbá yìí dín in kù kí ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dín kù lè kàn án ni? Ó tún wo Hàbíbà tó ń rán aṣọ iléèwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àbí àwọn òṣìṣẹ́ ló fi ọjọ́ kún un láti gbè sẹ́yìn ọ̀gá wọn?

"Alhaji, ẹ dákun, kí lẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí?"

"Ṣé etí rẹ di ni? Ìjọ́ kẹta kẹta ni wọ́n ń wá. Wallahi, n kò yí i padà. Àbí yunifásítì ló ní kí o máa wo àgbà bí olè?"

Bàṣírù tún un ṣírò nínú ọkàn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀. Fi mẹ́ta pín in: méjì. Ìṣirò kì í ṣègbè.

"Àǹtí Hàbíbà, ẹ má bo ẹnikẹ́ni o. Kó tó di òní, ìgbà wo lẹ wá síṣẹ́ kẹ́yìn?"

Hàbíbà fi eyín já òwú. "Ìjẹta."

"Mọ́ńdè?"

"Ìjẹta mìíràn tún wà ni? Ẹ gbà mí o, ṣé Twi nìkan ni wọ́n ń sọ nílé tiyín ni?"

Alhaji bú sẹ́rìn-ín. Bàṣírù kò rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ló ti ń pe ìjẹta, kò sì fìgbà kan gbọ́ ẹẹ́ta tó wà nínú rẹ̀. Ó na ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mọ́ńdè, ọ̀kan. Àná, méjì. Òní, mẹ́ta. Ọjọ́ téèyàn dúró sí, Yorùbá ń kà á mọ́ ọn. Láti òní, ìjọ́ kẹta ni Jímọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta géérégé lọ́sẹ̀.

Ó fa báàgì rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó sì kó ìwé tó kù nínú rẹ̀ jáde.

"Madam, kò sẹ́ni tó purọ́, èmi ni mo ṣì í kà. Ilé iṣẹ́ Yorùbá mẹ́sàn-án ni mo sì kọ báyìí. Bí ẹ lé mi, bí ẹ ò lé mi, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ gbogbo wọn."