Màmá Òkè Kò Sọ̀kalẹ̀

Màmá Òkè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí yàrá òkè ló ti ń ránṣọ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Àmọ́ látìgbà tó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́dún tó kọjá ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ti fàáké kọ́rí: àfi kí ìyá òun kó wá sọ́dọ̀ òun, kó máa jókòó wo tẹlifíṣọ̀n. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Obìnrin tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ wá oúnjẹ.

Ìṣubú yẹn náà ló gbé Màmá dé ilé ìdárayá, níbi táwọn gìrìpá ti ń gbé irin. Kóòṣì tó ń kọ́ wọn níbẹ̀ ní tó bá fẹ́ gbé irin, kó máa ti orúnkún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má tẹ̀. Láràárọ̀, kó tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á dúró lẹ́bàá fèrèsé, á máa ṣe ṣìgọ́ọ̀ngì, eré ìdárayá àwọn ará Ṣáínà tí oníbàárà rẹ̀ kan kọ́ ọ: á gbé ọwọ́ sókè jẹ́jẹ́, á fa èémí sínú títí ikùn yóò fi wú, á sì rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kóòṣì ní, "Màmá, ẹ mú ọ̀kan. Ṣé irin lẹ fẹ́ gbé ni àbí afẹ́fẹ́?" Oníbàárà ní irin yóò sọ iṣan rẹ̀ di gbígan. Màmá ń ṣe méjèèjì pọ̀. Èémí ṣìgọ́ọ̀ngì ló fi ń gbé irin, ẹsẹ̀ tí irin sọ di líle ló fi ń dúró ṣe ṣìgọ́ọ̀ngì. Ara ẹni, ta ni yóò báni pín in sí méjì?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àkọ́bí dé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti mọ́tò akẹ́rù. Kò sọ tẹ́lẹ̀ rárá.

"Màmá, a wá kó yín. Tí ẹ̀rọ yìí bá ti kúrò ńlẹ̀, ẹ ò ní rí àwáwí wí mọ́."

Inú bí Màmá Òkè gan-an. "Ṣé mo ti kú ni, tẹ́ ẹ fi ń kó ẹrù mi?"

Àna rẹ̀, atúnfóònùṣe tí kì í gbé ohun tó wúwo ju fóònù lọ, tú orí ẹ̀rọ kúrò lára tábìlì. Irin gidi ni, ti ayé àtijọ́. Ó tẹ ẹ̀yìn kodoro, ó sé èémí, ó já a gbé. Ní àárín àtẹ̀gùn ni ẹ̀yìn ti gan mọ́ ọn. Ó rọ́nà gbé irin náà kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó wá dì mọ́ ògiri, òógùn bò ó.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ bá a. "Àna mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má sé èémí mọ́, ẹ máa mí."

Ó kọjá sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, ó kọjú sókè.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣubú," lọmọ rẹ̀ wí láti òkè.

Màmá ti orúnkún bẹ̀rẹ̀. Ó fa èémí sí ikùn, ó ń tú u jáde jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ sì gbéra ńlẹ̀.

Ẹnu ya ọmọ rẹ̀. "Ó dáa náà, ẹ rọra gbé e. Mọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Ta ló ń lọ sídìí mọ́tò?" Màmá gbé ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn padà sókè, ó tún gbé èkejì. Ọmọ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà yàrá. "Yà fún mi."

Ọmọ náà yà. Màmá gbé ẹ̀rọ padà sórí tábìlì, ó de ìdè rẹ̀ pinpin, ó sì jókòó.

"Mọ́tò tó o gbé wá ò kúkú ṣòfò," ó ní, ó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ọkọ rẹ ni kó o fi gbé lọ sílé."