Ibi Tí Ládánì Ti Ń Mí

Ọkọ mi, Sàhéèdì, ni ládánì mọ́ṣáláṣí wa ní Lotto, ní Mowe. Tó bá ń pe ìrun, ẹni tó ń kánjú lọ sí Ìbàfò á dá ẹsẹ̀ dúró. Mi ò ní purọ́, ohùn yẹn ni mo rí tí mo fi fẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹwà. Ìgbà tí jẹjẹrẹ máa wá mú un, gògóńgò ló gbà lọ.

Dókítà Adéṣọlá ní àwọn lè gé gògóńgò náà, ohùn á sì bá a lọ. Tàbí kí àwọn kọ́kọ́ gbìyànjú ìtànṣán tó ń jó jẹjẹrẹ, pẹ̀lú òògùn kan tí wọ́n á máa fà sí i lára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà kan wà lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí tó fi ń gba àṣẹ pé kó máa dàgbà. Òògùn yìí á lọ jókòó síbẹ̀, kò ní jẹ́ kí àṣẹ wọlé. Àmọ́ awọ ara yín náà ní irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ojú yín á sú."

"Kó sú, dókítà," ni Sàhéèdì wí. "Ojú kọ́ ni mo fi ń pe ìrun."

Ó sú lóòótọ́. Irorẹ́ bo ojú dé àyà. Ìyá ọkọ mi ń ru ọṣẹ dúdú àti òrí bọ̀ láti Ìfọ̀, àwọn aládùúgbò ò sì fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n wíwú ọrùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ohùn sì padà. Èémí rẹ̀ nìkan ni kò gùn mọ́. Tó bá ti kan ibi tí ìpè náà ti ń pe àwọn èèyàn síbi ìgbàlà, á dúró, á mí, á gbé itọ́ mì, kó tó máa bá a lọ. Ó ní kí Zubair, káfíńtà àdúgbò wa, máa dúró lẹ́yìn òun kó máa kọ́ ìpè.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí òògùn náà ti parí, ojú rẹ̀ dán. Inú ìyá ọkọ mi dùn, ó pa àgbò, ó fi ṣe sàráà pé àìsàn ti lọ. Gbogbo wa jẹ, èmi gan-an jẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Sàhéèdì nìkan ni kò fọwọ́ kan ẹran.

"Mùnírátù," ló rọra sọ fún mi, "oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́."

A padà sí ọsibítù. Dókítà ò fi bò fún wa. "Ojú tó dán ò sọ nǹkan kan nípa jẹjẹrẹ. Òògùn yẹn pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ṣẹ́ kù ti bá a gbé pẹ́, wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀nà mìíràn. A máa gé gògóńgò náà báyìí." Ó wá bẹ Sàhéèdì pé kó jẹ́ kí àwọn tọ́jú díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá gé, fún àwọn tó ń ṣèwádìí ọgbọ́n tí sẹ́ẹ̀lì náà dá.

Inú bí mi. Ẹni tí ohùn rẹ̀ fẹ́ lọ, ẹ tún ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sàhéèdì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ mú un. Ọgbọ́n tó dá fún mi, kó má rí i dá fún ẹlòmíràn."

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ tó padà sílé lẹ́yìn tí wọ́n gé gògóńgò náà, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Zubair sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Ohùn rẹ̀ lọ geere. Nígbà tó kan ibi ìgbàlà, ó dúró, ó gbé itọ́ mì, kó tó máa bá a lọ. Káfíńtà tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn yìí, kí ni yóò rẹ̀ ẹ́? Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń pe ìrun nìyẹn.

Èjìká Sàhéèdì ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín tí kò ní ohùn ni.

"Bàbá Hameedah, ṣé kí n lọ sọ fún un pé àìsàn ló fà á?"

Ó di ọwọ́ mi mú, ó mi orí pé rárá. Títí di òní, Zubair ṣì ń mí níbẹ̀.