Orí Abẹ́rẹ́ Oníbàárà

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé títún orí abẹ́rẹ́ giramafóònù àtijọ́ ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀: nǹkan kékeré bí èékánná, tó ń gbé abẹ́rẹ́ rìn lórí àwo orin. Inú rẹ̀ ni wáyà tó tínrín ju irun lọ wà, ọ̀kan fún àpótí ohùn apá ọ̀tún, ọ̀kan fún ti apá òsì. Bó bá já, àwọn mìíràn á sọ ọ́ nù. Ìyá Abẹ́rẹ́ á jí i dìde.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Ó gbàgbé ọmọ, ó gbàgbé ọ̀nà yàrá. Àwo orin kan ṣoṣo ló kù tó ń mú ọkàn rẹ̀ rọ̀. Tí àwo yẹn bá ń kọrin, á lanu, á jẹun. Tí kò bá kọrin, á pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní májèlé jẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá fúnra rẹ̀ na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, ó sì já orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbà. Wáyà inú rẹ̀ já.

Àkọ́bí wọn obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, fi orin kan náà sórí fóònù. Bàbá gbá fóònù bọ́ sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé Bàbá lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà."

"Kí wọ́n máa dè é mọ́lẹ̀ kó tó jẹun? Ọkọ mi ni, kì í ṣe ewúrẹ́."

Ó jókòó ti iṣẹ́. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n, ọjọ́ ogbó ti dé. Wáyà já. Ó mú òmíràn, ìyẹn náà já. Nígbà tó yá, omijé kò jẹ́ kó rí nǹkan kan mọ́.

Orí abẹ́rẹ́ kan tó bá tiwọn dọ́gba wà lórí tábìlì, ti tísà àgbà kan, tó ti tún ṣe tán. Ó pe tísà lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yá mi lò, títí di ọ̀la péré."

"Ìyá, ogún bàbá mi ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Mò ń bọ̀ wá gbà á."

Ó wo ẹnu ọkọ rẹ̀ tó ti gbẹ, tó ń tu omi pàápàá dà nù. Ẹni tí odò ń gbé lọ kì í bèèrè ẹni tó ni igi kó tó dì í mú. Ó de orí abẹ́rẹ́ tísà mọ́ ẹ̀rọ.

Orin dún. Bàbá lanu.

Ẹnu oúnjẹ yìí ni wọ́n wà tí tísà fi wọlé.

"Ṣé èyí tí mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn nìyí?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. "Ẹ bú mi, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì."

Tísà wo Bàbá títí, ó fi fìlà sábẹ́ abíyá, ó sì dúró títí ojú kan àwo náà fi parí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ tú u fún mi." Ó fi aṣọ ìnujú wé e. "N ò ní gbé nǹkan mi wá síbí mọ́ láé."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dun Ìyá Abẹ́rẹ́ jù.

"Orin dà? Orin dà?" Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lu apá àga.

Aránṣọ fa àga sídìí tábìlì. Láti kékeré ló ti ń sọ pé òun ò ní ṣe iṣẹ́ ìyá òun, tó dà bí ẹni tó ń wá iná orí lára èèrà.

"Ìyá, ẹ máa fẹnu sọ ọ́, kí n máa fọwọ́ ṣe é."

"Má fà á. Dì í mú bí òwú tó fẹ́ já."

Ó já. Wọ́n tún un wé, ó tún já. Nígbà tó yá, apá òsì mú, ṣùgbọ́n irin gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà jó ti apá ọ̀tún.

"Mo ti bà á jẹ́, Ìyá."

"Gbé e sórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀."

Ohùn akọrin jáde, tín-ín-rín; àwọn tó ń gbè é, tí wọ́n wà lápá ọ̀tún, kò sí níbẹ̀. Bàbá ṣíwọ́ lílu àga. Ó yíjú sí àpótí ohùn tó dákẹ́.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n ń bọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó dúró dè wọ́n díẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó lanu. Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé ṣíbí lọ síbẹ̀, oúnjẹ dà sí i láyà. Ó bu òmíràn.