Ẹrù Ìyá Àyànfẹ́

Olè kọ́ nìyí. Ẹ̀tọ́ mi ni. Ẹni tó kó ẹrù sínú sítọ́ọ̀ onísítọ́ọ̀, tí kò sanwó, tí oṣù ń gorí oṣù, kí ni kí n wá ṣe fún un? Kí n máa wò ó? Kí eku máa bímọ síbẹ̀? Rárá o. Mo ti kìlọ̀. Mo pè é, mo ránṣẹ́ sí i, mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ sí Òkúkù. Kò sẹ́ni tó máa sọ ní gbogbo Ìkìrun pé n kò kìlọ̀. Kí ló wá dé tí ọkàn mi ò balẹ̀...

Ọ̀dà yìí le o. Ọ̀dà pupa tí àwọn ọmọge fi ń kun èékánná ni, òun ni obìnrin tó ni ẹrù yìí fi kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sídìí gbogbo nǹkan. ÀYÀNFẸ́. Ìdí kúlà, ìdí ìkòkò, ìdí fúláàsì, àní ìdí ṣíbí ìdáná, bí ẹni pé gbogbo ayé ló fẹ́ jí i gbé. Mo da bẹntiróòlù sí àkísà, mo ń ra á, mo ń ra á. Òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo sítọ́ọ̀ kan. Ọwọ́ ti ń ro mí.

Kí Ọláwálé tó dé ni mo fẹ́ ṣe é tán. Òun ló ń fi àga àti kánópì háyà fáwọn aláríyá ní Inísà, òun ló fẹ́ ra gbogbo ẹrù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó pè láàárọ̀, ó ní òun ti rí mọ́tò tó máa gbé e. Ṣùgbọ́n àwọn kúlà ńláńlá yìí, n ò ní í fún un. Jọláyẹmí ni mo fẹ́ yọ wọ́n sílẹ̀ fún. Ọmọ tèmi náà ń lọ sílé ọkọ lọ́dún yìí, èmi náà gbọ́dọ̀ di ẹrù fún un. Níbo ni opó bíi tèmi ti fẹ́ rówó ra kúlà tuntun? Màá yọ owó rẹ̀ kúrò nínú gbèsè tí obìnrin náà jẹ mí. Olè kọ́ nìyẹn. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ta ni mo tún ń sọ ọ́ fún?

Bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn obìnrin yẹn tẹ́lẹ̀. Èlùbọ́ ló máa ń kó wá tà lọ́jà wa níbí. Bó bá ti tà tán, á ra ohun kan ṣoṣo sínú ẹrù ìyàwó ọmọ rẹ̀: lónìí kúlà, lọ́jà tó ń bọ̀ abọ́. Á gbé e wá síbí, sínú sítọ́ọ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. “Ìyá Jọláyẹmí, bí mo bá gbé e dé Òkúkù, àwọn ará agboolé á yá a fọ́ kí ìyàwó mi tó rí i lò.” À ń rẹ́rìn-ín. Á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbí gan-an, á dojú kúlà délẹ̀, á máa kọ orúkọ náà díẹ̀díẹ̀, á yọ ahọ́n síta bí ọmọ iléèwé. Ó ń sanwó nígbà náà. N kì í bi í léèrè kó tó san.

Àfi bó ṣe dáwọ́ dúró lójijì. Kò wá mọ́, kò san mọ́. Mo pè é. “Ìyá Àyànfẹ́, owó sítọ́ọ̀ o.” Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. “Ìyá Àyànfẹ́, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?” Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Inú bí mi. Mo wá ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù. “Ìyá Àyànfẹ́, ẹ má bá mi ṣe báyìí. Ìyá Àyànfẹ́, ṣé ẹ̀yin náà ló ń sá fún mi?” Ó ń gbọ́ wọn, mo rí i lójú fóònù pé ó ń gbọ́ wọn. Kò fèsì ẹyọ kan.

Èyí tó wá ṣẹlẹ̀ ní Òkúkù yẹn... N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn, mo kígbe. “Ẹ bá mi pe Ìyá Àyànfẹ́ o! Ìyá Àyànfẹ́ dà?” Obìnrin kan tó ń gún nǹkan nínú odó dáwọ́ dúró. Bàbá kan tó jókòó sábẹ́ igi ló dáhùn. “Ìyá Adéníyì lẹ̀ ń wá.” Mo ní rárá, Ìyá Àyànfẹ́ ni, èyí tó ń ta èlùbọ́. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. “Ìyá Adéníyì là ń pè é níbí.”

Adéníyì, àbúrò Àyànfẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ẹ wo onígbèsè bó ṣe yí orúkọ padà, tó sì kó gbogbo agboolé sẹ́yìn ara rẹ̀.

Ó jáde sí mi. Ó ti rù. Mo ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, gbèsè ló ń jẹ ẹ́. Kò wo ojú mi, kò ní kí n jókòó, òun tó máa ń yẹ́ èèyàn sí tẹ́lẹ̀. “Ẹ tà á. Ẹ mú owó yín níbẹ̀. Èyí tó bá kù, ẹ má gbé e wá fún mi o, mo bẹ̀ yín. Ẹ má sì jẹ́ kí n mọ ẹni tó rà á.” Ó bá wọlé lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn. Owó tó máa kù á pọ̀ ju èyí tó jẹ mí lọ, òun náà mọ̀. Ta ni yóò jẹ gbèsè tí kò ní í gba ṣẹ́ńjì? Bóyá ó fẹ́ kó mi sí wàhálà ni. Bí mo bá tà á tán, kó mú ọlọ́pàá wá... Àbí ọkọ ló kọ ọmọ náà? Bí ọkọ bá kọ̀ ọ́, ẹ tọ́jú ẹrù de ọkọ mìíràn. Kúlà kì í jẹrà. Kí ló fa kí wọ́n máa sá fún orúkọ ọmọ? Kí ló fa kí odindi agboolé —

Ó ti ń kúrò. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ti lọ. Èkejì ti lọ. Àkísà ti pupa.

Ìyá mi.

Ìyá Títílayọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọjọ́ tí wọ́n sin Títílayọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ yẹn náà ló parí. Orúkọ tèmi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pè é. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí, gbogbo wọn kàn mọ̀ pé wọn kì í fi orúkọ ọmọ tó ti kú pe ìyá rẹ̀. Àwọn aṣọ Títílayọ̀, ìyá mi kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ará ilé kejì ló wá kó wọn lọ, ìyá mi sì kọjú sí ògiri títí obìnrin náà fi jáde.

Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Báwo ni mo ṣe...

Àyànfẹ́ ti kú.

Jésù. Ọmọ náà ti kú, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ń kígbe orúkọ rẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lórí. Gbogbo ohùn tí mo fi ránṣẹ́, orúkọ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo ayé ti dákẹ́ nítorí rẹ̀, èmi nìkan ni mo ṣì ń pè é. Èmi tí n kò mọ̀ ju owó lọ. Ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí níbi tí mo jókòó sí yìí, tí kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Kì í ṣe pé kò ní owó sítọ́ọ̀. Kò lè wọ ibí yìí ni. Kò lè kó o lọ sílé, kò lè tà á fúnra rẹ̀, kò sì lè ná owó rẹ̀. Ó ń dúró kí n bá a ṣe é.

Kúlà yìí ni mo sì fẹ́ fún Jọláyẹmí gbé lọ sílé ọkọ. Mo fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Rárá. Kó máa bá ìyókù lọ.

Fèrè mọ́tò ń dún níta. Ọláwálé nìyẹn. Màá tà á fún un, mo gbọ́dọ̀ tà á, ohun tó bẹ̀ mí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀.

Mo mú fóònù. Òórùn bẹntiróòlù wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ yẹn náà ni mo fi tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀, òun ló jáde sójú fóònù bí ó ṣe ń dún. Ó ń dún. Ó ṣì ń dún. Bó bá gbé e... Ìyá Adéníyì. Mo dán an wò jẹ́jẹ́ kó tó gbé e. Ìyá Adéníyì. Ó wúwo lẹ́nu mi. Ìyá Adéníyì, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni.