Sátífíkéètì Ọjọ́ Fídáù

"Ìyá Uswat, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé inú ọ̀fọ̀ lẹ wà," ni Peace, tó ń gba àlejò nílé ìwòsàn wọn, ń wí lórí fóònù. "Ìkànnì wa ò ṣí mọ́. Ó ń sọ fún àwọn aláìsàn pé olè lè jí ọ̀rọ̀ wọn wò. Ìyá kan wà níwájú mi báyìí tó ní a ti ta èsì àyẹ̀wò òun."

Shukurat, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Uswat, dijú. Ó ti gbàgbé pátápátá. Ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú ní sátífíkéètì ààbò kan lórí ìkànnì, èyí tó ń fi àwọn èèyàn lọ́kàn balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń yọjú wo ọ̀rọ̀ wọn. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni àsìkò rẹ̀ ń tán, Shukurat ló sì máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ dọ̀tun. Lọ́tẹ̀ yìí, ikú ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó rántí.

Ọ̀gá wọn ti gba fóònù lọ́wọ́ Peace. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ṣé ẹ lè bá wa wò ó kíá?"

"Sà, fídáù màmá mi la ń ṣe lọ́wọ́. Àwọn Áfà ti jókòó."

"Mo mọ̀. Ta ni mo tún fẹ́ pè? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ni, Shukurat ló sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Níbi tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, Ọláwọlé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣètò kọ̀ǹpútà kó máa dá irú iṣẹ́ yìí ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá Ọláwọlé dúró, wọ́n ní kò ríṣẹ́ ṣe mọ́. Ẹ̀rù ba Shukurat. Látìgbà náà ló ti ń fọwọ́ ṣe é, kí wọ́n má baà rí i bí ẹni tí kò wúlò.

Ó gbé kọ̀ǹpútà wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́nikẹ́ni ò tíì ká aṣọ rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́lẹ̀. Láti ìta ló ti gbọ́ ohùn Áfà tó ń dárúkọ ìyá rẹ̀: "Sùlíyá ọmọ Abdulmumin, kí Ọlọ́run forí jìn ín." Ó la ẹnu láti ṣe àmín, fóònù tún dún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Quadri, yọjú. "Ìwọ nìkan lọmọbìnrin tí màmá bí. Wọ́n ń bèèrè rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ń bọ̀."

Nígbà tí Peace fi máa sọ pé ìkànnì ti ń ṣí, àdúrà ti parí, wọ́n ti ń to àga. Shukurat sunkún gidi. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà.

"Kò tíì tán ni?" Quadri bèèrè.

"Ó ti tán. Mò ń ṣètò kọ̀ǹpútà kó lè máa dá a ṣe."

"Ìwọ náà lo sọ ti Ọláwọlé fún mi. Tí wọ́n bá dá ẹ dúró ńkọ́?"

"Kí wọ́n dá mi dúró, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti rẹ̀ mí."

Ó parí rẹ̀, ó fi fóònù sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jáde. Áfà ti ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Áfà, ẹ ṣàánú mi," ni Shukurat wí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi tún àdúrà náà ṣe, bó ṣe díẹ̀. Mi ò ráyè ṣe àmín."

Áfà bọ́ bàtà, ó sì tún jókòó.