Àgbọ̀nrín Ìparí Ẹ̀ẹ̀rùn

Àgbọ̀nrín náà gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kò gbé e sílẹ̀. Dúrójaiyé náà dá èémí dúró.

Láti ìdájí ló ti jókòó sẹ́yìn igi tó wó, ó kọjú sí ọ̀gọ̀dọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì fà gbẹ. Ní irú àkókò yìí, tí ewé gbígbẹ ń pariwo lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni ń jẹ gúgúrú, ọdẹ tó bá ń rìn kiri kàn ń lé ẹran fún ọdẹ mìíràn ni. Àfi kéèyàn jókòó ti omi. Ó ti da eérú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó rí i pé láti ọ̀dọ̀ omi ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀, ẹran kò ní í gbóòórùn òun. Ṣakabùlà ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún. Kí ọdẹ tó tún rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, kó fi ọ̀pá kì í, ẹran ti sá dé Ìjọkọ. Nítorí náà, kì í yìnbọn títí ẹran yóò fi kọ ẹ̀gbẹ́ sí i.

Àgbọ̀nrín náà kọ ẹ̀gbẹ́ sí i. Ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Oyún ni.

Dúrójaiyé mú ìka kúrò lára ìbọn. Ó ń wò ó bó ṣe ń mumi, tó ń gbọn etí sí ariwo ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin lẹ́yìn odi, títí ó fi rọra wọ inú koríko lọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, méjì ni yóò wá mumi níbí.

Kò tíì rìn jìnnà tí ìbọn fi dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún dún. Ó tún dún. Kì í ṣe ṣakabùlà.

Nígbà tí oòrùn mú, ó rí àgbọ̀nrín náà létí títì Ilo-Awela, wọ́n so ó kọ́ sórí igi. Mùkáílà, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ọdẹ, ló dúró tì í, tó ń juwọ́ sí àwọn ọlọ́kọ̀.

"Mùkáílà! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? O ò rí ikùn ẹ̀?"

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n."

"O rí i, o sì yìnbọn? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Apanirun! Tẹ́ ẹ bá pa ìyá, tẹ́ ẹ pa ọmọ, kí lẹ fẹ́ pa lọ́dún tó ń bọ̀?"

Àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró wòran. Mùkáílà kò bínú. Ó ń wò ó bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo aláìsàn.

"Ọdún tó ń bọ̀ wo, ẹ̀gbọ́n? Wọn ò sọ fún yín ni? Katakata ń wọ igbó yẹn ní Mọ́ńdè. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rù síbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Oyèlọlá ló buwọ́ lùwé fún ẹbí yín."

Oyèlọlá, ọmọ ìyá rẹ̀! Ó tẹ̀ ẹ́ láago níbẹ̀.

"Àbúrò mi," ni Oyèlọlá wí, "kì í ṣọ̀rọ̀ orí fóònù." Ó sì pa á.

Ẹsẹ̀ ni Dúrójaiyé fi rìn délé. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran, kò ní í fún ẹnikẹ́ni jẹ. Òun kò rò ó rí. Kò sí ẹran tó pa nínú igbó yẹn tí kò gbé itan rẹ̀ lọ fún Oyèlọlá. Ọkùnrin náà jẹ itan tán, ó wá jẹ igbó. Ó ń to èébú jọ bó ṣe ń lọ, èyí tí yóò bú u lójú gbogbo ẹbí.

Àdìzát ìyàwó rẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́yìn ilé.

"Wọ́n ti ta igbó bàbá mi!"

Àdìzát kò gbójú sókè. Ẹ̀gúsí kan já sínú igbá, òmíràn tẹ̀ lé e.

Dúrójaiyé rẹ ohùn sílẹ̀. "O ti gbọ́."

"Láti ìgbà Iléyá."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa, Bàbá Fọlájìmí."

"Ẹ sì ń wò mí! Ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ bí òmùgọ̀!"

"Ẹ máa ń kọrin tẹ́ ẹ bá ń ti ibẹ̀ bọ̀," ni Àdìzát wí. "Ẹ ò ní í tíì yọ ní kọ́nà tí màá ti gbọ́ yín. Mo ní kí n ṣì máa gbọ́ ọ ná."

Ó la ẹnu láti tú èébú tó ti ń tò bọ̀ láti títì. Kò mọ ẹni tí yóò bú mọ́. Ìgbà náà ló rí àpótí ìjókòó kejì tí Àdìzát ti gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti nu eruku orí rẹ̀ kúrò. Òun kò kọrin bọ̀ lónìí. Kó tó débẹ̀ ni obìnrin náà ti mọ̀ pé òun ti gbọ́.